Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alágbàtọ́ ilé Charnley ní Chicago

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn ilé kíkọ́, Society of Architectural Historians,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìtọ́jú, mo sì fi ọ̀wọ̀ wọlé kí n tó sọ ohun tí ó gbé mi wá. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí kì í ṣe ayàwòrán ilé, bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ́ ìtàn ilé kíkọ́ ní yunifásítì kankan. Ọmọ onípákó ni mí. Òkóbàbá ní Èbúté Mẹ́ta, ní ìlú Èkó, ni bàbá mi ti ta pákó fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, létí ọ̀sà níbi tí wọ́n ti máa ń so gẹdú mọ́ra wọn bí ẹní kí wọ́n tó tì wọ́n gba orí omi wá sí ìdí ayùn, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀, tí ìyẹ̀fun pákó sì máa ń bò wá lójú bí eruku ọyẹ́. Mo ti mọ òórùn àfàrà tútù yàtọ̀ sí ti ìrókò kí n tó mọ ìwé kà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo dé Chicago, tí mo wọ ilé yín ní 1365 North Astor Street, tí mo sì gbọ́ pé onípákó ni ẹni tí ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, n kò lè wo ilé náà bí àlejò mìíràn ṣe ń wò ó mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ nípa ilé yìí, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀, bóyá Louis Sullivan ni tàbí Frank Lloyd Wright, ni ó ti gba ojú ìwé jù. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún James Charnley fúnra rẹ̀, àti fún igi tí ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, nítorí bí a bá yọ igi kúrò nínú ìtàn ilé bíríkì yìí, ìdajì ìtàn náà ti bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún 1891 ni Charnley gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé Adler àti Sullivan, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1892. Ní àkókò yẹn, ilé tí ó bá dà bí ààfin ni àwọn olówó tí ń kó wá sí àdúgbò náà fẹ́ràn. Potter Palmer, oníṣòwò tí ó sọ etí adágún ibẹ̀ di àdúgbò àwọn ọlọ́lá, kọ́ ilé olódi kan tí ó ní ilé ìṣọ́ àti ṣóńṣó lórí, èyí tí wọ́n wó ní ọdún 1950. Ilé Charnley kò ní ilé ìṣọ́ kankan. Ó dúró ní igun Astor àti Schiller bí àpótí tí káfíńtà tí ó mọṣẹ́ kàn: ojú rẹ̀ tẹ́, igun rẹ̀ gún, òkúta gbígbẹ́ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti àyíká ẹnu ọ̀nà, bíríkì ni ó sì bo òkè. Irú bíríkì tí wọ́n ń pè ní ti àwọn ará Róòmù ni, tí ó gùn, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tí a mọ̀ lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti amọ̀ tí oòrùn ti yan fún ọjọ́ pípẹ́. Nítorí pé bíríkì náà tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà rẹ̀ ni ojú ènìyàn máa ń tọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó tó rántí láti gbójú sókè wo àwọn fèrèsé kéékèèké onígun mẹ́rin tí ó tò sábẹ́ etí òrùlé tí wọ́n fi bàbà ṣe.

Ní àárín ojú ilé náà, ní àjà kejì, ni wọ́n ti yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan síta, tí ó ní òpó, tí ọnà Sullivan sì wà lára rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Mo dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, nítorí pé, bí a bá yọ ilẹ̀kùn sílẹ̀, òun ni igi tí onípákó náà jẹ́ kí ará ìgboro rí dáadáa. Ìyókù wà nínú ilé.

Inú ilé náà ni mo ti wá rí ìdí tí ó fi yẹ kí n kọ̀wé sí yín. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí kò jìn lọ sẹ́yìn, nítorí náà ilé náà gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà, yàrá mọ́kànlá ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọlé yóò gba ẹnu ọ̀nà tí kò fẹ̀, yóò gun àtẹ̀gùn díẹ̀, lójijì ni yóò bá ara rẹ̀ ní àárín ilé, níbi tí kò sí àjà tí ó dí òkè títí dé òrùlé onígíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tí yàrá ìjẹun wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí yàrá ìgbàlejò wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ààrò ìyáná sì kọjú sí i. Ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà nínú agbo ilé yóò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó kọ ẹ̀yìn sí ìta, tí ó sì la inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ojú ọ̀run. N kò sọ pé Sullivan tàbí Wright rí agbo ilé wa rí o. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni mo sọ.

Igi oak ni ó gba gbogbo ibẹ̀. Òun ni wọ́n fi bo ara ògiri, òun ni wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára, ewé tí ń yọ láti inú ewé àti irúgbìn tí ń là, bí Sullivan ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bí àtẹ̀gùn bá ti ń lọ sókè, ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní ìnàró ni ó bò ó, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń gòkè yóò máa hàn fìrí láàárín wọn, bí ẹni tí ń rìn lẹ́yìn ọgbà pákó. Mo fi ọwọ́ mi wọn àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì láìfi ọwọ́ kàn wọ́n, nítorí mo mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí igi tí wọ́n kàn mọ́ra kí ó tó gbẹ: yóò yí, yóò tẹ̀, àlàfo rẹ̀ yóò sì dàrú. Àwọn wọ̀nyí kò yí. Ẹni tí ó yan igi náà mọ igi.

Ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n. Òwò pákó ni James Charnley ń ṣe ní Chicago, ó sì rí jẹ nídìí rẹ̀ dáadáa. Helen, aya rẹ̀, jẹ́ ọmọ John M. Douglas, tí ó ti jẹ́ ààrẹ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Illinois Central. Albert, ẹ̀gbọ́n Sullivan, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan náà, ọ̀rẹ́ sì ni ìdílé Charnley àti Sullivan. Nítorí náà kì í ṣe oníbàárà tí ó ti òpópónà ya wọlé ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí ayàwòrán ilé rẹ̀. Nígbà tí Sullivan fẹ́ ibi ìsinmi ní Ocean Springs ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní ọdún 1890, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni òun àti àwọn Charnley kọ́ ilé sí, létí òkun.

Wright, ọmọ ọdún 24, wà lára àwọn tí ń yàwòrán fún Sullivan nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun ni ó ṣe iṣẹ́ ilé Charnley. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti fa ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. N kò ní dá sí i. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé, ní ilẹ̀ wa, bí a bá bèèrè pé ta ni ó ni ilé kan, ẹni tí ó náwó ni a máa ń dárúkọ, orúkọ rẹ̀ ni àdúgbò yóò máa jẹ́ títí dé ọmọ-ọmọ, nígbà tí ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ìṣílé nìkan ni ẹnikẹ́ni dárúkọ bíríkìlà tí ó mọ ọ́n. Ní Astor Street, òdìkejì ni mo bá: wọ́n kọ orúkọ onílé sára ilé, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì ni gbogbo ayé ń bá sọ̀rọ̀. Ìwà kan kò sàn ju èkejì lọ. Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ ní ilé náà níkàáwọ́ lè ṣe é tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi ní dúró sí ìta.

Kí ni ó mú kí onípákó fi bíríkì kọ́lé? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iná. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1871, iná bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ẹran ìdílé O'Leary ní DeKoven Street, kò sì kú títí di ọjọ́ kẹta. (Màlúù Ìyá O'Leary ni wọ́n di ẹ̀bi iná náà rù, ní ọdún 1997 ni ìgbìmọ̀ ìlú Chicago ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìyá náà láre, nígbà tí ó ti kú tipẹ́.) Òjò kò rọ̀ dáadáa ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, afẹ́fẹ́ sì le, ṣùgbọ́n ohun tí iná rí jẹ ni pákó: ilé pákó, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi pákó tẹ́, àwọn òpópónà kan pàápàá tí wọ́n fi igi tẹ́ dípò òkúta, àti ọgbà pákó lẹ́bàá odò tí ó ga bí òkè. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni ó kú, nǹkan bí 100,000 sì di aláìnílé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà gan-an, iná mìíràn jó Peshtigo ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ìlú kan tí ó jẹ́ pé igi lílà ni iṣẹ́ rẹ̀, tí ìyẹ̀fun pákó sì wà kákiri ilẹ̀ rẹ̀, ó sì pa ju 1,200 ènìyàn lọ. William Ogden, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ìlú Chicago, ní ilé-iṣẹ́ igi ní Peshtigo, ó sì ní dúkìá ní Chicago. Iná méjèèjì jó dúkìá rẹ̀ ní alẹ́ kan.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àlejò yín dúró díẹ̀. Ìlú Chicago ni ọjà pákó tí ó tóbi jù ní ayé nígbà náà. Láti inú igbó Michigan àti Wisconsin ni wọ́n ti ń gé igi pine funfun, tí wọ́n ń là á, tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé e sọdá adágún Michigan wọ inú odò Chicago, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o lọ fún àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí pápá Iowa, Nebraska àti Kansas, níbi tí igi ti ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ìlú fúnra rẹ̀ jóná, pákó náà ni wọ́n tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, títí iná mìíràn fi ṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1874. Lẹ́yìn èyí ni òfin tí ó ka ilé pákó léèwọ̀ wá gbòòrò dé gbogbo ìlú. Nítorí náà, bí Charnley tilẹ̀ fẹ́ fi pákó tirẹ̀ kọ́ ilé sí Astor Street ní ọdún 1891, òfin kò ní gbà fún un. Ọjà tí ó ń tà fún gbogbo ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà kò lè di ògiri ilé tirẹ̀.

Bàbá mi náà, búlọ́ọ̀kù ni ó fi kọ́lé. Òfin kankan kò kàn án nípá. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí ẹni tí ó ní pákó bẹ́ẹ̀ kò fi pákó kọ́ ọ, ó ní òun ti rí iná tí ó jó ọgbà pákó mọ́jú rí, pé ẹni tí ó bá sì rí i kò ní sùn nínú pákó mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ìrókò ni ó kàn sí gbogbo yàrá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan pákó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dúró ní àárín ilé yín, láàárín oak tí kò yí, bàbá mi ni mo rí.

Ilé pákó tí Charnley kọ́, Ocean Springs ni ó wà. Pine tí ojú rẹ̀ lọ́ bí irun ni wọ́n fi bo inú rẹ̀, ó sì ṣí sí atẹ́gùn òkun ní gbogbo ọ̀nà. Ó ta á ní àárín àwọn ọdún 1890 fún ìdílé Norwood, onípákó bíi tirẹ̀. Ní ọdún 1897, ó jóná. Àwọn Norwood tún un kọ́, ó jọ ti àkọ́kọ́. Ìjì líle Katrina ti ọdún 2005 wá gbé ilé Sullivan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ pátápátá, ó sì ba ti Charnley jẹ́ gidigidi kí wọ́n tó tún un ṣe. Ọ̀kan nínú ilé méjì yìí jẹ́ igi láti òde dé inú, èkejì jẹ́ igi tí ó wọ ẹ̀wù bíríkì. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé a lè sọ ìtàn ọ̀kan kí a má sọ ti èkejì.

Igbó náà ńkọ́? Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé pine funfun agbègbè àwọn adágún ńlá tán, àwọn onípákó sì ti ń kọjú sí gúúsù àti etí òkun Pàsífíìkì. Ní Wisconsin, igbó àwọn Menominee ṣì dúró títí di òní, nítorí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ yẹn kọ̀ láti gé e ní àgéparun. Igi tí ó gbó ni wọ́n ń gé, wọn a sì fi èyí tí ń dàgbà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ilé Charnley ti jáde wá, ibẹ̀ ni ó tún lè ti rí ìyá rẹ̀ ní òòró.

Mo mọ ohun tí ẹ ti ṣe, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ mi dà bí ẹ̀sùn. Ìlú yìí kò ṣàánú iṣẹ́ Sullivan. Wọ́n wó gbọ̀ngàn eré Garrick ní ọdún 1961, wọ́n wó ilé pàṣípààrọ̀ owó ìdókòwò ní ọdún 1972, Richard Nickel, ayafọ́tò tí ó ń gba ọnà rẹ̀ là nínú àwókù náà, sì kú sábẹ́ rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ilé Charnley yè é. Àwọn tí wọ́n gbé inú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 fi àfikún kan sí ẹ̀gbẹ́ gúúsù rẹ̀; nígbà tí àjọ ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé Skidmore, Owings & Merrill rà á ní ọdún 1986, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì dá ilé náà padà sí bí ó ti wà. Ní ọdún 1995 ni Seymour Persky rà á fún yín, tí ẹ fi kó ibùjókòó yín wá láti Philadelphia, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ilé náà lónìí pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kà á mọ́ àwọn ibi ìtàn pàtàkì orílẹ̀-èdè.

Ẹ tún ti ṣe ohun kan tí ó fún mi ní ìgboyà láti kọ̀wé yìí. Ní ọdún 2010, àti ní ọdún 2015, ẹ gba àwọn awalẹ̀pìtàn àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn láyè láti wa ilẹ̀ ìdí ilé náà, wọ́n sì hú igò àti àwo fífọ́ jáde, pàǹtí àwọn ènìyàn ìgbà Charnley. Ẹgbẹ́ tí ó lè fi sùúrù kó àfọ́kù àwo jọ kò ní ka ìbéèrè nípa pákó sí ohun kékeré.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ pe ẹni tí ó mọ igi kí ó wo ilé náà láti ìsàlẹ̀, níbi tí ilé ìdáná wà, dé abẹ́ òrùlé, kí ó sì dárúkọ igi kọ̀ọ̀kan: èyí tí àlejò ń rí àti èyí tí ó farapamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ àti lẹ́yìn ògiri. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ kan kọ́ sí ibi tí àlejò ti ń dúró, tí yóò fi ojú ọ̀nà tí pákó ń gbà hàn, láti igbó dé adágún, láti adágún dé odò Chicago, láti odò dé Astor Street. Ẹ fi ègé pine funfun kan sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbé sọ́wọ́ kí ó sì gbóòórùn rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá tíì gbóòórùn pine tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò mọ bí odò Chicago ṣe ń rùn ní ọdún 1870. Kí ẹni tí ń mú àlejò káàkiri sì bẹ̀rẹ̀ láti ìta, níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi yẹn, kí ó tó dárúkọ ayàwòrán kankan.

Nígbà tí mo pe bàbá mi lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kúrò ní ilé yín, mo ṣàlàyé bíríkì tẹ́ẹ́rẹ́ náà fún un, mo sọ fún un nípa òrùlé onígíláàsì, mo sì dárúkọ Wright àti Sullivan. Ó dákẹ́ gbọ́ mi tán, ó wá ní: "Igi wo ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀?" Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ láti ẹnu yín, kí n lè mú un lọ sílé fún un.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ọmọ onípákó, Òkóbàbá